Adìyẹ Tó Yẹ Kó Ṣì Máa Tiro

Kí n tó rọ́ àlá mi fún yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́, nítorí bí mi ò bá jẹ́wọ́, ẹ óò rò pé ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá jà. Ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bá jà. Èmi Sìfáwù, ọmọ ilé àwọn tó ń to eegun, arúgbó tó bí ọmọ mẹ́jọ tó sì ku eyín mẹ́rin lẹ́nu, èmi ni mo jẹ adìyẹ.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé gbogbo yín ló ń jẹ adìyẹ. Tèmi kì í ṣe ti jíjẹ.

Ẹ mọ iṣẹ́ ilé wa. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá kán, bàbá mi á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ kan níbi kan náà, á fi igi pẹlẹbẹ di ti ènìyàn, á fi di ti adìyẹ. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ dáadáa, ọjọ́ náà la máa ní kí aláìsàn dìde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń rìn lọ sílé.

Ó lé ní oṣù kan báyìí tí Gàníyù wá bá mi. Gàníyù yìí, ọmọ àbúrò ọkọ mi, ló ń kọ́ ẹṣin eré ìje ní pápá ńlá ẹ̀yìn odò. Eegun ojúgun abo ẹṣin rẹ̀ kan, Má-ṣe-wẹ̀yìn, ló sán. Kò kán o, ó sán ni, bí ìkòkò tó ṣì jókòó dáadáa ṣùgbọ́n tí omi ti ń jò lábẹ́ rẹ̀. Dókítà ẹranko ní kó sinmi oṣù mẹ́rin gbáko. Gàníyù ní eré ìje ńlá ò ní dúró de ẹsẹ̀ kankan.

Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi fi adìyẹ wò ó."

Orí mi wú! Dókítà tó ka ìwé títí irun orí rẹ̀ fi re ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n wá bá mi. Mi ò to eegun ẹṣin rí láyé mi. Mo bá wọn di ojúgun ẹṣin, mo ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ pupa kan, mo di òun náà, mo sì ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò bí ẹni tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀yin ò tíì mọ ohun tí òjò ń fi ọ̀fun àgbàlagbà ṣe. Adìyẹ yìí ń tiro bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ó sanra, ó ń dán. Mo ní, "Adìyẹ, má wò mí bẹ́ẹ̀." Kò gbọ́. Mo fi ata rodo mẹ́ta sè é, mo jẹ ẹ́ dé eegun, mo sì fi igi tí mo fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ tayín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú tì mí. Mo ra adìyẹ pupa mìíràn sípò rẹ̀. Kò pẹ́ ni Gàníyù dé, ó bá adìyẹ tuntun tó ń lé aáyán kiri àgbàlá bí ọlọ́pàá.

"Màmá! Ó ti ń sáré!"

Ṣé mo sọ̀rọ̀? Mi ò sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ọwọ́ mi ò ní rọ. Mo ní àmín. Ó lọ kọ orúkọ Má-ṣe-wẹ̀yìn sínú eré ìje ọjọ́ Sátidé, èyí tí í ṣe òní yìí.

Bí orí mi ṣe kan ìrọ̀rí lálẹ́ àná, àlá kan ti ń dúró dè mí níbẹ̀, ó ní mo pẹ́.

Mo bá ara mi ní pápá eré ẹṣin, mò ń lọ sí ọ́fíìsì àwọn ìgbìmọ̀ láti yọ orúkọ ẹṣin náà kúrò. Ọ́fíìsì kò sí nílẹ̀. Òkè ló wà, ó ń léfòó pẹ̀lú àga àti fèrèsé rẹ̀, wọ́n fi okùn ìjánu so ó mọ́ igi máńgòrò kó má baà fò lọ. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, ọ́fíìsì wo ni ọwọ́ tálákà ń tó? Mo di okùn mú, mo ń gùn ún. Ìró mi tú, ó já bọ́ sílẹ̀. Mo ní kó dúró dè mí. Ó ní kò burú, òun á máa ká ara òun.

Mo wọlé tòun ti yẹ̀rì. Pátákó gbàgàdà kan wà lára ògiri, orúkọ àwọn olùkọ́ ẹṣin ló wà lára rẹ̀. Gàníyù ló wà lókè pátápátá: ogún eré ìje, ó gba ipò kìíní nínú mẹ́rìndínlógún. Pátákó náà ń jẹun, ẹnu rẹ̀ ń dún kàù-kàù.

Mo ní, "Ẹ kú oúnjẹ o. Kí lẹ ń jẹ?"

"Bàtà irin ẹṣin ni. Ẹ wá jẹun."

"Á gba ibi ire o. Ẹṣin tó ni bàtà yẹn ńkọ́?"

"Wọn kì í kọ ẹṣin sára mi, Ìyá. Olùkọ́ nìkan ni mo mọ̀."

"Àwọn ẹṣin márùn-ún tí ẹsẹ̀ wọn kán lọ́wọ́ Gàníyù, tí wọ́n sin sínú igbó ẹ̀yìn pápá, ibo lẹ kọ wọ́n sí?"

Pátákó gbé irin mì. Ó ní, "Ibo lẹ fẹ́ kí n kọ wọ́n sí? Ìyìn ti gba gbogbo àyè."

Inú bí mi débi pé yẹ̀rì mi gbóná mọ́ mi lára.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, Alága, Akọ̀wé, àti ẹnì kan tó ń sùn. Alága ní kí ni mo bá wá. Mo ní mo wá yọ Má-ṣe-wẹ̀yìn kúrò nínú eré ìje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì san.

Akọ̀wé ṣí fáìlì. "Adìyẹ ti rìn. Ó wà níbí. Adìyẹ rìn, ẹṣin á sáré."

Mo ní, "Adìyẹ yẹn, ẹ rí i, ó rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún padà..." Irọ́ tó yọ̀ bí ilá ni mo fẹ́ pa. Kí n tó parí rẹ̀, ohùn kan ké láti inú ikùn mi.

"Irọ́ ni! Ibo ni mo ti rìn? Mo wà níbí!"

Alága ní, "Ta nìyẹn?"

"Adìyẹ ni," ni mo dá a lóhùn. "Ẹ má bínú sí i, wọn ò kọ́ ọ nílé."

Wọ́n ní kí ikùn mi wá jókòó sórí àga ẹlẹ́rìí. Ikùn mi lọ jókòó. Èmi dúró sẹ́yìn rẹ̀, torí àga kan ṣoṣo ló wà.

Adìyẹ ní, "Obìnrin yìí ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀ nítorí ẹṣin. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ ilé wọn ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kọkàndínlógún ló sè mí, ẹsẹ̀ mi ò sì tíì jinná. Ẹ bi í. Ojú ibi tó kán gan-an ló ti fa mùdùnmúdùn mu."

Mo ní, "Òótọ́ ni. Ó sì dùn."

Akọ̀wé ní, "Ta ló wá ń sáré kiri àgbàlá yín?"

"Àlejò ni."

Ọ̀rọ̀ náà yé wọn. Mo rí i lójú wọn pé ó yé wọn, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù. Alága fa lẹ́tà dókítà ẹranko yọ nínú dúrọ́ọ̀, lẹ́tà olóṣù mẹ́rin, òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, a ti rí èyí láti oṣù tó kọjá. Ṣùgbọ́n Gàníyù lolùkọ́ wa tó dára jù. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́..."

Ó fẹ́ sọ pé "yẹ̀ ẹ́ wò." Ibi tó dé yẹn ni irùngbọ̀n hù ú, ìwo hù ú, ó sì di òbúkọ, táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Akọ̀wé tẹ̀lé e. Ẹni tó ń sùn di ewúrẹ́ lójú oorun, kò tilẹ̀ mọ̀. Wọ́n pín lẹ́tà dókítà jẹ. Akọ̀wé jẹ òǹtẹ̀, ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀.

Mo fa Alága nírùngbọ̀n. "Bì í! Bì í sílẹ̀ báyìí, ẹran-kẹ́ran! Ẹ rí i, ẹ mọ̀, ẹ wá gbé e mì!"

"Mèèè," ni Alága wí.

Mo ní, "Ohun tí ẹ ń sọ náà nìyí kí ẹ tó di ewúrẹ́."

Àṣé Akọ̀wé ti jẹ dé okùn ìjánu. Ọ́fíìsì já, ó balẹ̀ pẹ̀lẹ́ sáàárín pápá, ògiri rẹ̀ sì tẹríba bí ìyàwó tuntun. Ìró mi wà níbẹ̀, ó ti ká ara rẹ̀ tán. Mo ró o.

Fèrè dún, eré ìje bẹ̀rẹ̀. Mo retí ẹṣin, ẹsẹ̀ ni mo rí. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń sáré, mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n ń tú eruku sókè. Àwọn ẹṣin fúnra wọn tẹ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí ẹní tí wọ́n sá sóòrùn. Àwọn èrò ń ké, "Ẹ wo ẹsẹ̀! Ẹ wo ẹsẹ̀!" Kò sẹ́ni tó wo ilẹ̀.

Gàníyù dúró tòun ti aago lọ́wọ́. Mo ní, "Gàníyù, ẹṣin rẹ rèé nílẹ̀."

"Màmá, ẹ má dí mi lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi ló wà níwájú."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Méjèèjì pé, bàtà rẹ̀ ń dán. Mo ní, "Èwo nínú àwọn tó ń sáré yẹn ni tìrẹ?" Kò gbọ́. Ó ń ka aago.

Má-ṣe-wẹ̀yìn pè mí láti ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ tí wọ́n ti nà tẹ́lẹ̀, tí kò fẹ́ kí wọ́n tún gbọ́ ẹkún òun.

"Ìyá àgbà, ẹ yá mi lẹ́sẹ̀ kan. Mi ò fẹ́ fi sáré. Mo kàn fẹ́ fi dìde mu omi ni."

Mo yọ ẹsẹ̀ òsì mi fún un, ó yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní kó má wo ti èékánná, ó pẹ́ tí mo ti gé e. Ó fi dìde, ó mu omi, ó mu ún títí odò fi gbẹ, àwọn ẹja sì ní kò burú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá àgbà, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín? Mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò sọ fún mi bóyá ilẹ̀ wà."

Mo jí. Mo ti ká ẹsẹ̀ òsì sábẹ́ ìdí sùn, ẹ sì mọ bí ìdí mi ṣe tó. Ẹsẹ̀ náà ti kú tipiri. Mo sọ ọ́ kalẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì ni mo tẹ̀ tàbí ẹní. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, mo rẹ́rìn-ín ara mi. Nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo mú ọ̀pá, mo jáde.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo dé ilé ẹṣin. Gàníyù ń fi aṣọ pupa wé ojúgun Má-ṣe-wẹ̀yìn. Baba Yékínì, tó ti ń bọ́ ẹṣin níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ń gbá ìgbẹ́.

Mo ní, "Gàníyù, tú aṣọ yẹn."

"Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Nǹkan ń bẹ. Mo jẹ adìyẹ."

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Èyí tó wà nílé mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kán rí. Èyí tó kán, mo ti jẹ ẹ́, ó ti di ìgbẹ́."

Baba Yékínì fi ìgbálẹ̀ bo ẹnu. Gàníyù ò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fẹ́ bà mí jẹ́ ni? Lónìí? Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa sọ nípa mi?"

"Kí wọ́n sọ ọ́ nípa mi! Kí wọ́n ní arúgbó ọ̀kánjúwà kan wà ní ilé àwọn tó ń to eegun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ, dókítà ní oṣù mẹ́rin, o wá bá arúgbó tí kò fọwọ́ kan ojúgun ẹṣin rí. Kì í ṣe pé o gba adìyẹ gbọ́. Ẹni tó máa sọ ohun tó o fẹ́ gbọ́ lò ń wá kiri, kódà kó jẹ́ adìyẹ!"

Ó ní kí n kúrò lọ́nà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà gan-an, mo tẹ́ gbogbo ìdí sílẹ̀. Mo ní bó bá máa mú un jáde, kó mú un gba orí mi kọjá. Ibẹ̀ ni mo wà títí dókítà ẹranko, tó máa ń yẹ àwọn ẹṣin wò láàárọ̀ ọjọ́ eré ìje, fi dé, tí mo sì tún jẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà fi ìka méjì tẹ ojúgun ẹṣin náà jẹ́jẹ́. Gbogbo ara Má-ṣe-wẹ̀yìn gbọ̀n láti ọrùn dé ìrù, ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Dókítà mú bírò. Ó fa ilà sórí orúkọ Má-ṣe-wẹ̀yìn nínú ìwé eré ìje.

Gàníyù ju aṣọ pupa sílẹ̀, ó jáde, kò sì kí mi pé ó dìgbà. Mo fẹ́ dìde, mi ò lè dìde. Baba Yékínì ló wá fà mí lọ́wọ́ sókè, ó bá mi gbọn eruku ìdí mi, mo sì ń retí kó yìn mí.

Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹ ti mú un kúrò nínú eré ìje. Ẹṣin tí kò sáré mọ́, ta lẹ rò pé ó máa ń bọ́ ọ?"