Bátìrì Kan Ṣoṣo fún Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mọ́tò Àkàngbé ti kú níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Òfin àwọn tó ń fi mọ́tò rímóòtù díje kò sì mojú ẹnikẹ́ni: mọ́tò tó bá dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé, kí fèrè ìparí tó dún, kí ẹni tó ni ín máa gbé e lọ sílé, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 1992 ni ìdíje kẹta bọ́ sí. Bátìrì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ wọn, Motọ́lání, àbúrò Àkàngbé, ló sì ń ṣáàjì ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tí mọ́tò kú yẹn, òun ni wọ́n di gbogbo ẹ̀bi rù. Wọ́n ní ọmọ oníbátìrì Mushin ni, pé bátìrì lọ́rì nìkan ló mọ̀.

Wọn ò kúkú parọ́ tán. Ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn ni Motọ́lání ti kọ́ṣẹ́, bátìrì lọ́rì sì ní sùúrù: èèyàn lè so ó mọ́ná, kó lọ jẹun, kó padà wá bá a bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n ti mọ́tò rímóòtù kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Bátìrì wẹ́wẹ́ mẹ́fà ni wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀, gbogbo ẹ̀ kò kún ọwọ́. Bí iná ẹ̀ bá kéré, mọ́tò á kú lójú ọ̀nà. Bó bá pọ̀ jù, yóò gbóná, yóò sì ba ara ẹ̀ jẹ́ látinú wá. Láàárín kó kún àti kó bàjẹ́, ìṣẹ́jú méjì ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú ọgbà ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú ni wọ́n ti ń sáré, níbi tí àwọn lọ́rì máa ń dúró sí láàárín ọ̀sẹ̀. Motọ́lání ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Pijó Àkàngbé, ó ti fa iná láti ara bátìrì ọkọ̀ náà wá sí ti rímóòtù, ó sì fi wáyà tó yọ lára áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́ sáàárín kí iná má bàa ya wọlé. Mítà tí bàbá ẹ̀ fi ń wọn iná wà lórí itan ẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Motọ́lání kò ṣẹ́jú.

Sylvester kọjá, kóòkì tútù lọ́wọ́ ẹ̀. Òun ló gba ipò kìíní lẹ́ẹ̀mejèèjì tó kọjá. Ẹ̀rọ tó fi ń ṣáàjì, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti rà á wá.

"Ẹ̀yin ará Mushin, ṣé ẹ̀wà lẹ̀ ń sè ni? Tèmi, tó bá ti kún, á pa ara ẹ̀ fúnra ẹ̀."

"Ó dáa," ni Motọ́lání wí, ojú ẹ̀ kò kúrò lára abẹ́rẹ́. "Tó bá ti ń ṣe gbogbo nǹkan fún ẹ, ní kó bá ẹ fẹ́yàwó."

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Sylvester bá tiẹ̀ lọ.

Abẹ́rẹ́ dúró. Motọ́lání ń kà á lọ́kàn. Ní oókan, ní eéjì, títí dé méjìlá, abẹ́rẹ́ náà sún sẹ́yìn, bí ìbú irun kan báyìí. Ohun tó ti ń wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn: bó bá yó, á sún sẹ́yìn. Ó fa wáyà yọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bátìrì. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀.

Ibẹ̀ ni Alhaji Àlíyù, alága ẹgbẹ́, ti pè é. Oníbàárà bàbá ẹ̀ ni láti ìgbà tí wọn ò tíì bí i. Wọn kì í jókòó dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn. Motọ́lání lọ bá a, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

Alhaji béèrè ẹsẹ̀ bàbá tó ń dùn ún. Ó béèrè ìyá. Ó béèrè àǹtí wọn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àti ọmọ tí àǹtí náà bí. Motọ́lání dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọrùn ń yún un láti bojú wẹ̀yìn. Ìgbà tó máa padà dé, wáyà tó ti fà yọ ti tún wà lára bátìrì.

Àkàngbé káwọ́ gbera síbẹ̀, inú ẹ̀ dùn. "Mo fún un ní èènì."

Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, kò sí bátìrì tó ń kúrò láìgba èènì. Bó bá kún, bàbá á tún fi ìdajì wákàtí lé e, kí oníbàárà má bàa ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Inú ìyẹn ni Àkàngbé dàgbà sí. Bátìrì lọ́rì á gbà á, kò ní bínú. Motọ́lání fa wáyà, ó fọwọ́ kan bátìrì, ó gbóná débi pé ọwọ́ kò gbà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ní kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti gbé bátìrì tí kò kún lé mi lọ́wọ́, Motọ́."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rù, mo gbà. Lónìí tí mi ò bẹ̀rù, ẹ̀yin lẹ wá bá mi bẹ̀rù ẹ̀."

Àkàngbé fẹ́ ti bátìrì náà bọ inú kúlà yìnyín. Motọ́lání já a gbà. "Ṣé ẹ fẹ́ kó là ni?" Ó yọ ìdérí kúlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fẹ́ ẹ. Òórùn kan ń ta sókè, ó ń tani nímú. Wọ́n ń pe àwọn mọ́tò sórí ìlà, mọ́tò tí kò bá sì jáde, òkú ni wọ́n máa kọ ọ́ sí.

"Ẹ gbọ́ mi. Ẹ ò wá ipò kankan lónìí. Ẹ ò ní tẹ rímóòtù dópin. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ tú u, ẹ mú ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀."

"Níwájú Sylvester?"

"Níwájú bàbá Sylvester."

Fèrè dún. Mọ́tò méje gbéra, ti Sylvester ṣíwájú. Àkàngbé ń tẹ rímóòtù díẹ̀díẹ̀, ó ń rọra yí kọ́nà, eyín ẹ̀ pa pọ̀. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Ní ìkẹta, mọ́tò Sylvester tó ti yí ọgbà po tún wá láti ẹ̀yìn, ó kọjá lára tiwọn.

"Ẹ kú ìsìnkú o," ni Sylvester wí.

Àkàngbé tẹ̀ ẹ́ dópin. Mọ́tò fò síwájú, ó gbọ̀n, ó sì rọ. Motọ́lání gbá ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú. Àbúrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n níta gbangba, ó sì ṣe é.

"Ẹ tú u."

Ó tú u. Mọ́tò ń fi eré tó ti sá tẹ́lẹ̀ yí lọ. "Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́. "Ẹ tú u." Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, mọ́tò náà kò yàtọ̀ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Alhaji Àlíyù fi fèrè sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo táyà.

"Ó ti dúró," ni Sylvester wí.

"Kò tíì dúró," ni Alhaji dáhùn, fèrè ṣì wà létí ètè ẹ̀. Ó wo aago. Ó fọn ọ́n.

Táyà yí ìdajì sí i, ó wá dúró.

Alhaji kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ pátápátá, ipò keje nínú méje. Motọ́lání ti jókòó sílẹ̀, ó ń fi abẹ gé rọ́bà ara bátìrì. Nínú mẹ́fà, méjì ti wú, lẹ́búlẹ́bú funfun wà lẹ́nu wọn.

Àkàngbé lóṣòó tì í. "A wà nínú ẹgbẹ́, a ò ní bátìrì."

"Mẹ́rin ṣì dáa. Sylvester ní àwọn àlòkù nínú báàgì ẹ̀. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ kó fún yín ní méjì."

"Sylvester? Èmi?"

"Ta ló pa méjì? Bó bá ní kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀."

Àkàngbé wo ojú àbúrò ẹ̀, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku sòkòtò ẹ̀, ó sì kọrí sí ibi tí Sylvester wà.