Kókó Gáàsì Mi Nínú Bàálù Teslim

Ẹ bá mi mú ọkọ mi Teslim. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Òkè-Gádà, níbí ní Ẹdẹ, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, kò sí nǹkan ilé tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo wọ ilé ìdáná, mo fẹ́ po ògì, mi ò bá kókó tí a fi ń yí iná, ẹyọ kan ṣoṣo, lára sítóòfù gáàsì mi. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù tó ń wò mí.

"Bàbá Ahmad, ẹ jọ̀ọ́, ta ló yọ eyín sítóòfù mi?"

"Ìyá Ahmad, mo yá a ni," ló dáhùn láti yàrá ẹ̀yìn. "Bàálù ni mo fẹ́ fi ṣe."

Yàrá iṣu ni yàrá ẹ̀yìn yẹn tẹ́lẹ̀. Ó ti yọ àga iwájú mọ́tò kan tó kú sí Sekona wá síbẹ̀, ó kan pákó síwájú rẹ̀, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá tí oníbàárà kan kò wá gbà mọ́ síwájú pákó. Kọ̀ǹpútà ló so ó mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ni bàálù wà, tòun ti òkun àti ìkùukùu. Súìṣì ẹ̀rọ ata, súìṣì jẹnẹrétọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti tò sára pákó, kókó gáàsì mi sì jókòó láàárín wọn bí ìyàwó tuntun. Nǹkan kékeré kan wà lábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan tó ń pè ní ẹnkódà. Kókó rédíò ní ibi tó ń dúró; èyí kì í dúró, a lè yí i títí dọ̀la, yóò máa dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, kọ̀ǹpútà yóò sì máa gbọ́ ọ. Wáyà tí a so mọ́ ọn ló fi ń mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ọ̀tún ni ká lọ sókè, òsì ni ká wálẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n ń ṣeré ọmọdé! Ìgbà tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi ni ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ìyá rẹ̀, Ìyá Sìmbíátù, ti ń tọrọ Mẹ́kà lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn. Lọ́dún yìí, àyè yọ. Ni Ìyá bá ní àwọn ò lọ mọ́. "Ohun tí kì í ṣe ẹyẹ, tí kò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, tí ẹni tí mi ò mọ̀ rí jókòó síwájú rẹ̀? Ẹ fún Sàrátù àbúrò mi láyè náà." Ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà fẹ́ gbọ́ èsì ìkẹyìn lẹ́nu Ìyá. Bàbá Teslim kú láìdé Mẹ́kà, ọkọ mi kò sì fẹ́ kí ti ìyá òun rí bẹ́ẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá rí bí bàálù ṣe ń gbéra àti bó ṣe ń balẹ̀, ẹ̀rù á kúrò lára wọn. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fi kókó sílẹ̀ fún un, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mú yí gáàsì.

Ní Àlàmísì, Ìyá dé láti agboolé. Mo gbé àpótí fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá awakọ̀. Teslim fi súìṣì kan tan iná, ó fi òmíràn jí ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ ń gbọ̀n, nítorí sípíkà ńlá méjì ló gbé sábẹ́ àga. Ìyá di híjáàbù wọn mú.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. A ti gbéra nìyẹn. Ẹ wò ó, a ti dórí òkun. Ẹ jẹ́ ká lọ sókè díẹ̀ sí i."

Ó yí kókó sọ́tùn-ún. Kẹ́, kẹ́. Bàálù dojú kọ omi. Ó tún yí i sọ́tùn-ún, omi túbọ̀ ń sún mọ́ wa. Àṣé nínú ìkánjú ló ti so wáyà òsì sípò ti ọ̀tún. Bó ṣe ń wí pé ká gòkè ni kọ̀ǹpútà ń gbọ́ pé ká sọ̀kalẹ̀. Òógùn bo ọkọ mi. Ó ń yí i, ó ń yí i.

"Láíláhà illállàhù!" Ìyá figbe ta. "Teslim, o fẹ́ pa mí kí n tó dé Mẹ́kà ni?"

Mi ò mọ nǹkan kan nípa bàálù. Àmọ́ kókó mi ni, apá òsì la sì máa ń yí i sí ká tó rí iná. Mo na ọwọ́ kọjá èjìká ọkọ mi, mo yí i sósì dáadáa. Imú bàálù dojú kọ òkè, òkun lọ sísàlẹ̀, ìkùukùu funfun kún ojú tẹlifíṣọ̀n.

Teslim kò lè wojú ìyá rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń rò, pé ọwọ́ ara òun lòun fi ba Mẹ́kà ìyá òun jẹ́. Ó dùn mí débi pé mi ò lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èmi Kafilat!

Ni Ìyá bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di inú mú.

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀," ni wọ́n wí nígbà tí ọ̀rọ̀ lè jáde, "ni pé mi ò mọ ẹni tí yóò wà á. Mo ti wá rí ẹni tí mo mọ̀ tó wà á. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ẹni tí mi ò mọ̀ gbé mi lọ."

Ní Jímọ̀, wọ́n ní àwọn ń lọ. Títí dòní, àwọn ọlọ́kadà ń kí ọkọ mi pé, "Páílọ́ọ̀tì, ṣé kò sómi níwájú?" Ẹ má bi mí ta ló sọ fún wọn.

Ìyá pè wá láti Mọdínà. Teslim jẹ́ kí ohùn wọn jáde síta kí èmi náà lè gbọ́.

"Teslim, mo ti gúnlẹ̀ o, a dúpẹ́. Nígbà tí bàálù gbéra, àyà mi já. Mo bá dijú. Mo ní Teslim ọmọ mi ló ń wà á, nínú yàrá iṣu, pẹ̀lú kókó gáàsì. Ọkàn mi wá balẹ̀."

Omi ti kún ojú ọkọ mi.

"Màámi," ni mo wí, "ẹni tó fẹ́ rì yín sómi náà lẹ tún fi síwájú?"

"Òun ni," ni wọ́n dáhùn. "Àmọ́ mo fi ìwọ náà dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní kó o má gbé ọwọ́ kúrò lórí kókó."