Ipa Akáyín

Ẹ̀yìn ríro ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni Ìyá Oníjíìpù kó tó fẹ̀yìn tì. Jíìpù kékeré ló fi ń gun òkè lọ wo oko igi gẹdú tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí jíìpù náà bá ti dé orí títì, ńṣe ló ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun.

Fọganáísà ni àbúrò rẹ̀. Atẹ́gùn ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń tà, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn.

"Táyà yìí ló ń ṣe yín, ẹ̀gbọ́n mi." Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì, níbi tí òkúta ti fa eyín táyà mẹ́ta tu. "Ẹ wo Akáyín! Eyín gbàgàdà báyìí, ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí eyín rẹ̀ kéré, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rọ̀, pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Á máa gba kòtò mọ́ra."

"Òkè ńkọ́? Òjò ti ń bọ̀."

"Ẹ̀yin àti òkè! Kí ni mo wà fún? Èmi á máa bá yín gòkè lọ wo igi yín. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó dá Akáyín padà."

Ìyá Oníjíìpù rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ta ni èèyàn ì bá fọkàn tán, bí kò ṣe ọmọ ìyá rẹ̀? Igi wọ̀nyẹn ni bàbá wọn fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Ó ti búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gé wọn níṣojú òun.

Ká má purọ́, àwọn táyà náà dára. Atẹ́gùn mọṣẹ́, Ọlọ́run ò jẹ́ kí n bú u níbẹ̀. Ó wọn afẹ́fẹ́ sí wọn níwọ̀n-níwọ̀n, jíìpù sì ń yọ́ lọ lórí títì bí ológbò. Ìyá Oníjíìpù ń sùn dáadáa. Tàárọ̀-tọ̀sán ló ń ṣàdúrà fún àbúrò rẹ̀. Bó bá sì béèrè igi, èsì kan náà ni: "Wọ́n wà digbí, ẹ̀gbọ́n mi."

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá, àárò igi náà sọ ọ́. Ó wakọ̀ dé ẹsẹ̀ òkè. Táyà ìrọ̀rùn yí títí, ẹrẹ̀ ń ta lu gíláàsì, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Ló bá bọ́ bàtà, ó ń fẹsẹ̀ gùn ún. Kò tíì rìn jìnnà tó fi rí ipa táyà tuntun nínú ẹrẹ̀, tó lọ tó bọ̀, tí àlàfo eyín mẹ́ta ń fara hàn lápá òsì. Akáyín! Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé àbúrò òun ń mú ìlérí ṣẹ.

Lókè, kùkùté ló bá.

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Àìmọye èèyàn ló ti pa òwe yẹn fún. Ó jókòó lórí kùkùté kan, ó sunkún, inú sì ń bí i sí gbogbo àdúrà tó ti gbà. Nígbà tó ń padà, títì ò gbọ̀n ọ́n rárá, ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Akáyín wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí Atẹ́gùn ní, níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹrẹ̀ òkè ṣì tutù lára rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o!"

"Yọ táyà rẹ kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ mi. Dá tèmi padà."

Atẹ́gùn wo ẹrẹ̀ tó bo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé orúnkún. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀yìn yín wá ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Igi bàbá wa ńkọ́?"

Atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wá jáàkì.