Adìẹ Ìrànà Létí Ọ̀ṣun

Bàbá mi, Fátókun, kú sóko ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá kó tó dákẹ́: kí a gbé òun délé, kí a sin òun sínú yàrá òun ní Ẹdẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Oko wa wà lódìkejì odò Ọ̀ṣun. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ á jẹun ọ̀sán nílé. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti dé.

Kò tíì pẹ́ tí rélùwéè wọ Ẹdẹ nígbà náà. Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa, ní rélùwéè nìkan ò tó, àfi kí wọ́n la ọ̀nà gbọọrọ láti ibẹ̀ wọ inú oko. Wọ́n ti fi igi ṣe afárá sórí odò, wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ta ló ń gbẹ́ ẹ? Ẹni tó bá ń kọjá lọ ni. Bí akódà, ìránṣẹ́ ìjọba, bá rí ọkùnrin tó lágbára lójú ọ̀nà, ó ti di tiwọn nìyẹn. Wọ́n á gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́, kò sì ní fojú kan ilé mọ́ títí wọ́n á fi ní ó tó. Wọn kì í bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Mo kórìíra ọ̀nà yẹn nígbà náà, mo kórìíra rẹ̀ dòní, bó ti wù kí mọ́tò máa sáré lórí rẹ̀ tó.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a fi ẹní wé bàbá mi, a so ó mọ́ ọ̀pá oparun. Fákúnlé, ẹ̀gbọ́n mi, gbé iwájú. Ìyàndá, ọkọ mi, gbé ẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì nìkan ni ọkùnrin tó kù lóko tí apá wọn ká a. Àwọn tó kù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀nà. Àwáwù, àbúrò ọkọ mi, ti gba orí afárá lọ sílé kí wọ́n lè gbẹ́ sàréè sílẹ̀, nítorí àwọn akódà tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kì í mú obìnrin. Àwa tí a gbé òkú ò lè gba ibẹ̀. A gba ipa ọdẹ nínú igbó, kí a lè yọ sí ibi tí Ọ̀ṣuntọ́lá ti ń fi igbá gbé èèyàn sọdá láti ìgbà èwe mi.

Ògúndèyí, àbúrò bàbá mi, ló ṣíwájú pẹ̀lú adìẹ ìrànà. Àṣà wa ni pé òkú kì í rìn lásán. Ẹnì kan á máa lọ níwájú rẹ̀, á máa tu ìyẹ́ adìẹ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ojú oórì, kí ọ̀nà lè là fún ẹni tó ń lọ. Adìẹ funfun ni tiwa.

Èmi ló kẹ́yìn, mo ru aṣọ bàbá mi àti ọkọ́. Òjò ti sọ ilẹ̀ igbó náà di dúdú, gbogbo ìyẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ ló ń hàn ketekete. Ẹ̀rù bà mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Bàbá Ògúndèyí bojú wẹ̀yìn.

“Àbẹ̀kẹ́, kí lo mú lọ́wọ́ yẹn?”

“Bàbá, ìyẹ́ ni. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé a gba ibí kọjá.”

“Ẹni tó yẹ kó rí i ni mò ń jù ú sílẹ̀ fún. Dá a padà síbi tó o ti ṣà á.”

“Àwọn akódà ńkọ́, Bàbá?”

“Ṣé o fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa rìn gbéregbère nínú igbó ni? Dá a padà.”

Ọkọ mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n gbọ́ràn. Mo dá wọn padà.

Odò ti kún nígbà tí a débẹ̀. Igbá ńlá ni Ọ̀ṣuntọ́lá fi ń ṣiṣẹ́: èrò á rọ̀ mọ́ ọn lápá kan, òun á rọ̀ mọ́ ọn lápá kejì, á sì máa fi ẹsẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ títí wọ́n á fi gúnlẹ̀. Fún òkú, ó so igbá méjì pọ̀. Ó ní òun nìkan ò lè tì í nínú omi tó kún báyẹn, àfi kí Fákúnlé àti Ìyàndá bá òun lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ń bọ́ṣọ nígbà tí Jacob yọ sí wa.

Jacob ni akódà tó ń kó èèyàn síṣẹ́ ọ̀nà. Ọmọ ìlú Awo nítòsí Ẹdẹ ni, kì í ṣe àlejò. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn ọkùnrin tó mú kùmọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ́ funfun kan sì wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè,” ó wí. “Mo rí ìyẹ́ nínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà tuntun. Òkú kì í gbé ara rẹ̀. Àwọn tó gbé e ni mo wá bá.”

Bàbá Ògúndèyí, tí orí rẹ̀ ti funfun, dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó lè bí.

“Jẹ́ kí wọ́n gbé e sọdá ná. Wọ́n á padà wá bá ọ. Mo fi Ògún búra.”

“Ẹ dìde, Bàbá. Tí wọ́n bá ti sọdá, níbo ni mo ti máa rí wọn? Ajẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́. Tí èèyàn ò bá pé, èmi ni wọ́n máa nà.”

“Ṣé wọ́n tu ìyẹ́ adìẹ fún bàbá tìẹ?” Èmi ni mo bi í.

“Wọ́n tu ú,” ó ní, ó sì gbójú kúrò lára mi.

Fákúnlé di ọ̀pá oparun mú, ó kọ̀, kò fi sílẹ̀. Wọ́n fi kùmọ̀ gbá a lọ́rùn ọwọ́ títí ó fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n kó òun àti ọkọ mi lọ gba ojú ọ̀nà tí a gbà wá, lórí ìyẹ́ náà.

Ó wá ku arúgbó méjì, èmi, àti òkú. Nílé, àwọn ọ̀dọ́ tí ìbá ràn wá lọ́wọ́ ti sá pamọ́ fún akódà. Ilẹ̀ ti mọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí òkú bàbá mi, oòrùn ti ń mú, kò sì ṣeé fi sílẹ̀ mọ́. A fi ọkọ́ kan ṣoṣo gbẹ́lẹ̀ sí ẹsẹ̀ igi létí omi, a sì sin ín síbẹ̀. Kí a tó da erùpẹ̀ bò ó, Bàbá Ògúndèyí gé èékánná rẹ̀, ó dì í sínú ewé láti sin sílé, bí a ti í ṣe fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀. Bàbá mi kò kú sí ìdálẹ̀. Láti ibi tí a sin ín sí, mo ń rí èéfín Ẹdẹ.

Ọ̀ṣuntọ́lá gbé wa sọdá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyẹ́ ṣì kù lára adìẹ náà lápá kan, Bàbá Ògúndèyí sì tu ú lọ títí délé, fún èékánná inú ewé. Ẹkún ń gbọ̀n ọ́n, kò sì dúró.

Àwọn àgbà ilé ti gbẹ́ sàréè náà dáadáa, ó gùn, ó jìn, bó ti yẹ ọkùnrin tó ga bíi bàbá mi. Àwáwù wo ẹ̀yìn wa, ó ń wá àwọn tó gbé òkú. Bàbá Ògúndèyí kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó gbé ewé náà síbẹ̀.

Nígbà tí a bá sin èèyàn, erùpẹ̀ máa ń ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ yẹn, a da gbogbo rẹ̀ padà, ó sì wọnú sàréè tán.