Awọ Èèpo Edé

Ẹ̀kán kan ń rọ̀ dirodiro lẹ́nu páìpù. Kò já, kò padà. Oòrùn ọ̀sán wọ inú rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí ojú ẹja.

Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ mi, mò ń wò ọ́.

Àkẹ́yìn ògógóró mi ló wà nínú ìgò òkè, èyí tó lómi débi pé kò lè gbaná. Láàrin òun àti ẹ̀kán yìí, awọ kan ló wà, èyí tí o ní yóò ya omi àti ọtí sọ́tọ̀. Awọ tí kò láwọ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti inú ẹyin. Èèpo edé tí à ń dà sọ́sà lo kó lọ sí yunifásítì, o sè é, ó yọ́ bí ẹ̀kọ gbígbóná, o tẹ́ ẹ sórí gíláàsì títí ó fi gbẹ.

Awọ àkọ́kọ́ mumi, ó wú, ó ya. Èkejì mumi, ó wú, ó ya. Ọdún mẹ́ta rèé. Àwọn olùkọ́ rẹ ti ní bí ẹ̀kẹta bá ya, kí o wá nǹkan mìíràn ṣe. Èmi ni mo ní kí o bu amọ̀ funfun etí odò wa, èyí tí à ń fi lẹ ojú dírọ́ọ̀mù tí a fi ń se ọtí kó má baà jò. O lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, o pò ó mọ́ ọn.

Lónìí awọ kò wú. Awọ kò ya. Ẹ̀rọ kékeré ń fa atẹ́gùn lábẹ́ rẹ̀, fùù, fùù, yìnyín yí ìgò ìsàlẹ̀ ká. Ẹ̀kán já. Tó.

Ọwọ́ mi ò gbà kí n dúró. Láti ìgbà tí mo ti ń se ògógóró, ẹ̀kán tó bá kọ́kọ́ já ni baba ọtí, òun ló le jù. Mo fi ṣíbí gbà á, mo ṣáná sí i. Ṣín! Ó kú. Mo tún ṣá òmíràn. Ṣín! Ó kú.

Mo fi etí ìró bo ṣíbí kí o má baà rí i.

O rí i. O bú sẹ́rìn-ín, ìwọ ọmọ yìí! O ní Ìyá Àgbà, ọ̀gá ọlọ́tí, ẹ̀ ń dáná sun omi. O ní omi ni awọ ń jẹ́ kó kọjá, ọtí ló ń jókòó sókè bí olóyè.

Mo bu ti ìgò òkè. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ. Mo ṣáná sí i, mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n iná ọtí tó mọ́ kì í hàn lójú oòrùn, pàápàá lójú tí èéfín ti jẹ. Ọwọ́ ni àwa ọlọ́tí fi ń wò ó.

Mo na àtẹ́lẹwọ́ sókè ṣíbí. Mo fa tìrẹ mọ́ ọn.

Ó gbóná, Àwẹ̀ró. Ó gbóná.