Ìrìn-àjò sí Oko Oyin

Báírò pupa ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé náà fi fa ìlà gbọọrọ sórí orúkọ kẹtàdínlógún nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ tó máa lọ sí ìrìn-àjò oko oyin, ó sì ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ tíṣà kíláàsì kẹta bí ẹni dá àwo òfìfo padà.

"Eléyìí máa dúró sí kíláàsì kejì. Amọ̀ ni wọ́n ń mọ níbẹ̀ lónìí. Ìyẹn á bá a lára mu."

Tíṣà wo orúkọ náà. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ni, afọ́jú láti kékeré. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Abetílukára, nítorí kò sí òfófó tí wọ́n máa sọ lẹ́yìn kíláàsì tí kò ní í gbọ́.

"Kí ló ṣe, sà?"

"Ẹ rò ó wò. Àwọn alábẹ̀wò tó ń bọ̀ láti iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ rí bí àwọn ọmọ ṣe ń wo oko oyin lójú tẹlifíṣọ̀n. Kí lòun fẹ́ wò? Wọ́n ṣáà ní ojú lọ̀rọ̀ wà." Ó rẹ́rìn-ín sí àwàdà ara rẹ̀.

Inú bí tíṣà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣètò ìrìn-àjò tẹ́nikẹ́ni ò ní fẹsẹ̀ rìn yìí. Ó bẹ bàbá olóyin kan, tí oko rẹ̀ jìn réré, títí ìyẹn fi gbà láti fi oko náà hàn wọ́n lórí fóònù. Ó dán íńtánẹ́ẹ̀tì wò lẹ́ẹ̀mẹrin. Èjìká rẹ̀ ló fi gbé tẹlifíṣọ̀n ńlá wọ kíláàsì. Kí ẹnì kan wá fi báírò pa ọmọ rẹ́ bí ẹni pa ẹ̀fọn?

"Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, sà, ṣùgbọ́n etí la fi ń gbọ́ ọ. Kò sí ìkankan nínú wọn tó máa fẹsẹ̀ tẹ oko yẹn. Ọkàn ni gbogbo wọn máa fi lọ. Ta ló sọ fún yín pé ọkàn tirẹ̀ náà fọ́jú?"

"Tíṣà, ẹ má pariwo mọ́ mi."

"Mi ò tíì pariwo, sà."

Ó jáde láìkí i. Ìyá rẹ̀ a máa sọ pé ìbínú kò da nǹkan fúnni. Ìyá rẹ̀ kò mọ ọ̀gá yìí. Ó gba kíláàsì kejì lọ, ó fa Abetílukára dìde tamọ̀tamọ̀ lọ́wọ́, ó sì fi í jókòó sórí àga òun fúnra rẹ̀ níwájú pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ lé e, kó wá gbé e.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, bàbá olóyin yọjú lórí tẹlifíṣọ̀n tòun ti àwọ̀n tó fi bojú. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn alábẹ̀wò méjì ń mi orí, wọ́n ń kọ̀wé.

"Ẹ wo ibi tọ́wọ́ mi wà. Ìyá wọn nìyẹn. Ẹ wo bó ṣe gùn!"

"Háà!"

Abetílukára fa tíṣà láṣọ. "Àǹtí, kí ni wọ́n rí?"

"Ìyá oyin ni."

"Báwo ló ṣe rí?"

Kó tó la ẹnu, "háà" mìíràn ti sọ. Tíṣà wo ìwé ètò ẹ̀kọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá ó kọ nǹkan kan síbẹ̀ fún irú ìbéèrè yìí. Ìlà kìíní: kí àwọn ọmọ wo ilé oyin. Ìkejì: kí wọ́n wo ìyá oyin. Ìkẹta: kí wọ́n wo afárá. Ìlà méje, wíwò méje. Ọ̀gá kọ́ ló kọ ọ́, òun fúnra rẹ̀ ni.

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ àwọn oyin dáadáa. Ẹ má sọ̀rọ̀ ná."

Ohùn oyin kún yàrá. Àwọn ọmọ tó ń kùn dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bí ẹ́ńjìnnì," ni ẹnì kan wí.

"Rárá," ni Abetílukára dáhùn. "Wọ́n pọ̀. Àwọn kan wà nítòsí, àwọn kan wà lẹ́yìn wọn. Ohùn tàwọn ẹ̀yìn ò yí padà."

Bàbá olóyin pàtẹ́wọ́. "Ta lọmọ yẹn? Àwọn ẹ̀yìn ń fi ìyẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sílé ni!"

Ìgbà náà ni ọ̀gá yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n daṣọ bò. Tíṣà wá ìbínú àárọ̀ tó fẹ́ fi dá a lóhùn. Ó ṣì wà níbẹ̀, kò dín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá nìkan ló dojú kọ mọ́. Ó dojú kọ òun alára, tó ti rò pé mímú ọmọ wọ kíláàsì àti mímú un dé oko, ọ̀kan náà ni.

"Ẹ wọlé, sà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ rọra. Àwa náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń débẹ̀ ni."