Ẹgbẹ́ Àáró Ìlọfà Lọ Ṣẹ̀wọ̀n

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín pa wá níbi tí kò yẹ. Ẹ̀rín ló gbé Ìbítóyè, àgbẹ̀ Ìlọfà, dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Òsì. Òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ ń kọjá lọ sí Koro nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá, tí ọkùnrin mẹ́rin gbé léjìká. Ẹni tó wà níwájú yọ̀ lẹ́bàá odò, Ajẹ́lẹ̀ sì jókòó sínú ẹrẹ̀ tòun ti fìlà àti ìwé rẹ̀. Gbogbo ará ọ̀nà wolẹ̀. Ìbítóyè nìkan ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti jẹun àárọ̀ yó. Kó tó pa ẹnu dé, dógarì, ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀lé Ajẹ́lẹ̀, ti dì í lọ́wọ́ mú.

Kótù dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún un. Nínú ìwé, wọ́n kọ ọ́ pé ọ̀daràn paraku ni. Òun ni ọ̀daràn tó lókìkí jù nínú ọgbà náà, nítorí òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ti wọ ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó kọ̀ láti ru ẹrù, òmíràn tó gé igi tí Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ràn láti máa wò, àti ewúrẹ́ méjì tí wọn ò mọ olúwa wọn.

Láyé ijọ́hun, ẹni tó bá ṣẹ̀ nílẹ̀ wa, wọ́n á ní kó san nǹkan, tàbí kí wọ́n lé e kúrò nílùú. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé a lè fìyà jẹ àgbẹ̀ nípa pé ká gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká tì í mọ́lé, ká wá máa wá oúnjẹ tí yóò jẹ. Ìjọba tuntun ló mú ọgbọ́n yẹn wá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n ki ilé náà, báyìí ni n ó ṣe kì í:

Ilé alámọ̀ tó ń wo ojú òjò bẹ̀bẹ̀,
Ògiri tí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ ara rẹ̀ mọ,
Òrùlé tí ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ ara rẹ̀ bò,
Ilẹ̀kùn tí àgádágodo rẹ̀ ti Ìlọrin wá,
A-ti-àgbẹ̀-mọ́lé-kí-èbù-ó-jẹrà.

Ọ̀rọ̀ èbù yẹn gan-an ló ń dun Ìbítóyè. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Irínwó èbù iṣu tó ti gé sílẹ̀ wà lábẹ́ igi nínú oko rẹ̀, kò sì sí ebè kan ṣoṣo tí yóò gbà wọ́n. Nígbà tí Àtinúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkọ rẹ̀ ni:

"Báwo ni èbù?"

"Ẹ ò tilẹ̀ bèèrè ọmọ, Baba Ìdòwú."

"Ọmọ kì í jẹrà. Báwo ni èbù?"

"Wọ́n ti ń hu. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti ń rùn. Bó bá fi lé ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, afẹ́fẹ́ la ó máa gún níyán lọ́dún tó ń bọ̀."

"Lọ bá ẹ̀gbọ́n Lábọ̀dé."

Lábọ̀dé ni olórí ẹgbẹ́ àáró wọn. Ọgbọ̀n ọkùnrin ni wọ́n, Ìbítóyè ló ṣìkejìlélọ́gbọ̀n bí a bá ka Lábọ̀dé fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe máa ń ka ara rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Lónìí, gbogbo wọn á lọ kọ ebè lóko ẹnìkan. Lọ́la, ó di oko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Òfin wọn kò pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tòun ti ọkọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ẹnìkan tí kò tẹ̀lé wọn lọ sóko tiwọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a gbé ọkọ́ mọ́.

"A ò lè kọ ebè fẹ́ni tí kò sí lóko," ni Lábọ̀dé wí. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó ni wọ́n ní kó lò lọ́hùn-ún?"

"Oṣù mẹ́ta. Aádọ́rùn-ún ọjọ́," ni Àtinúkẹ́ dáhùn.

Lábọ̀dé gbójú sókè díẹ̀. "Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọgbọ̀n ọkùnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n Òsì pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti àpò oúnjẹ. Jímọ́ọ̀, wọ́dà tí wọ́n rán wá láti Ìlọrin, jáde sí wọn pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba Jímọ́ọ̀ lẹ́rù láyé: kí Ajẹ́lẹ̀ wá ka ẹlẹ́wọ̀n, kí iye wọn dín. Wọ́n ti sọ fún un pé bí ẹnìkan bá dín, òun ni yóò rọ́pò rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Baba Wọ́dà," ni Lábọ̀dé wí. "A wá ṣẹ̀wọ̀n."

"Ta ló dá a fún yín?"

"Ti Ìbítóyè ni. Aádọ́rùn-ún ọjọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ọgbọ̀n la jẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta, ó parí."

"Ẹ̀wọ̀n kì í ṣe oko, Lábọ̀dé."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́."

"Irú iṣẹ́ wo?"

"Ilé ìsinmi Ajẹ́lẹ̀ tó wà lókè yẹn. Ògiri ti dúró. Wọ́n ní kó gé koríko bẹẹrẹ, kó fi bo òrùlé, kó lu ilẹ̀ rẹ̀, kó sì la ọ̀nà rẹ̀ dé títì, láàárín oṣù mẹ́ta."

"Òun nìkan?"

"Òun nìkan ni ọ̀daràn tí a ní."

Lábọ̀dé yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀. "Ṣé ẹ rí i pé oko ni?"

Jímọ́ọ̀ gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, ó ronú. Wọ́n ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún un bí ẹlẹ́wọ̀n bá dín. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nípa bí wọ́n bá pọ̀ sí i. Ó ṣílẹ̀kùn. "Ẹ máa wọlé, bísímílà. Ẹ rọra o, ògiri yẹn ò lágbára."

Ìbítóyè rí wọn, omi lé sí i lójú. Lábọ̀dé ò jẹ́ kó sunkún. "Ìbítóyè, ọmọ a-kọ-ebè-ga-bí-òkìtì-ọ̀gán, ọmọ a-rẹ́rìn-ín-dé-kótù. Dìde, jàre. Tiwa-tìrẹ la jọ ń lọ."

Wọ́n ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóko, tàwàdà-tàwàdà. Apá kan gé bẹẹrẹ, apá kan gun òrùlé, apá kan la ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, bí wọ́n ti ń gbá àgbàlá ilé náà mọ́, Ajẹ́lẹ̀ dé pẹ̀lú ògbifọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Lazarus, ọmọlẹ́yìn Jésù tí bàtà rẹ̀ ń dún ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ.

Ajẹ́lẹ̀ ka àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ó tún wọn kà. Ó wo Jímọ́ọ̀.

"Wọn ò dín," ni Jímọ́ọ̀ ń wí, tí fìlà rẹ̀ ń gbọ̀n lórí rẹ̀. "Lazarus, bá mi sọ fún un. Wọn ò dín rárá."

"Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ni gbogbo yín ṣẹ̀?" ni Lazarus bèèrè.

"Sọ fún un pé a ò tíì ṣẹ̀," ni Lábọ̀dé dáhùn. "Ọjọ́ Ìbítóyè la wá bá a lò. Ó pé lónìí. A fẹ́ máa mú un lọ."

Lazarus túmọ̀ rẹ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ rìn yí ilé náà ká, ó fọwọ́ kan òrùlé, ó wo ọ̀nà. Nígbà tó padà, inú rẹ̀ dùn débi tí ọkàn Ìbítóyè fi já.

"Ó ní káàkiri ibi tí òun ti jẹ ajẹ́lẹ̀, òun ò rí irú ọgbà ẹ̀wọ̀n báyìí rí," ni Lazarus wí. "Ó ní oṣù mẹ́ta kò tíì pé, nítorí náà Ìbítóyè á dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ tó báyìí, afárá kan wà tó yẹ ní ṣíṣe. Kí ẹ máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Àtinúkẹ́ tó gbé oúnjẹ wá gbé igbá kalẹ̀. "Èbù ti tán nìyẹn," ló wí, bí ẹni tó ń dárúkọ ọjà tó ti tú.

Ìbítóyè sún síwájú. Ó ti kọ́gbọ́n, kò rẹ́rìn-ín.

"Bá mi kí Ajẹ́lẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé àwọn wọ̀nyí ò ní padà wá. Ọgbọ̀n èèyàn ti bá mi ṣiṣẹ́. Bí n kò bá tẹ̀lé wọn lọ sóko tiwọn láti ọ̀la, wọn ò gbọdọ̀ bá mi gbé ọkọ́ mọ́. Òfin wa ni. Èmi nìkan ni n ó ṣe afárá náà. N kò sì yára."

Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ ọ, ó fajú ro. Ó bèèrè nǹkan.

"Ó ní bí òun bá jẹ́ kó tẹ̀lé yín, ṣé ẹ ó wá nígbà míì?" ni Lazarus túmọ̀.

"Ìgbàkígbà tó bá tún ṣẹ̀," ni Lábọ̀dé wí, "a ó wá."

Ìdáhùn yẹn tẹ́ Ajẹ́lẹ̀ lọ́rùn. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé tuntun, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀daràn paraku náà ni òun yí ìyà rẹ̀ padà sí iṣẹ́ àṣekára nínú oko ọgbọ̀n, lábẹ́ ìṣọ́ ọgbọ̀n ọkùnrin, àti pé ìlànà ìjọba ti ń tún ìwà àwọn èèyàn agbègbè náà ṣe. Lazarus kà á sí wọn létí. Gbogbo wọn ní ó ṣeun.

"Ta ni n ó wá máa kà báyìí?" ni Jímọ́ọ̀ ń bèèrè lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti ń lọ.

Oko Lábọ̀dé ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀, nítorí òun ni àgbà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, oko Ìbítóyè ni Lábọ̀dé dorí kọ. "Èbù tèmi ò tíì rùn," ló wí, ó sì bọ́ ẹ̀wù. Àtinúkẹ́ ṣa àwọn tó ti jẹrà sọ́tọ̀; wọ́n lé ní ọgọ́ta. Ó káàánú wọn díẹ̀, ó kó wọn dànù. Àwọn tó kù wọlẹ̀ kí oòrùn tó yí, wọ́n sì fi ewé bo orí ebè kọ̀ọ̀kan.

Ìbítóyè jókòó sórí poro, ó ń wo àwọn ebè náà lọ títí dé ìdí igbó. Ó ní, "Ọlọ́run, mo dúpẹ́."

"Dúpẹ́ kó o dìde," ni Lábọ̀dé wí, tó ń nu ọkọ́ rẹ̀. "Lọ́la, tèmi ni. Ìdajì lára rẹ̀, òkúta ni. Má pẹ́ dé o."